Ọmọńdinrín

Aago méjì òru ní Kétu, mo tún dìde,
mo ń gbọn ọwọ́ ọ̀tún
bí ẹni tó fọ aṣọ tí kò rí ibi sá a sí.
Ó ti kú. Ó ń ta wìnnìwìnnì bí ẹni tó kì í bọ ilé ìjàlọ.
Àtàńpàkò, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín,
àti ìdajì ìka òrùka, ìdajì péré,
bí ẹni pé wọ́n fi abẹ là á lóròó.
Ọmọńdinrín nìkan ló wà láàyè,
ó dùbúlẹ̀ tì wọ́n bí àbúrò tí kò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń dirun.
Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀,
irun ìyàwó tó ń gba àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.
Pín in, lọ́ ọ, fà á. Pín in, lọ́ ọ, fà á.
Mẹ̀ṣì pupa, mẹ̀ṣì dúdú, irun ọmọ tó ń sunkún,
irun ọ̀gá ilé-ìwé tó ń tòògbé lé orúnkún mi.
Ta ló ń ka iye ìgbà tí ìka ń tẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Olúbíyì yí ọwọ́ mi sókè,
ó fi bíírò fa ìlà sí ọrùn-ọwọ́ mi.
Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ìka ò dá agbára ní.
Ẹran tó ń fà á wà lókè níbí, ní apá,
okùn ló ń rán wá. Mẹ́sàn-án ni okùn ọ̀hún,
ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọ àtẹ́lẹwọ́.
Eegun wẹ́wẹ́ ni ògiri ibẹ̀, ọ̀já líle ni òrùlé.
Iṣan tó ń gbé ìròyìn wá fún ìka wà láàárín wọn.
Òun nìkan ló rọ̀."
Mo ní, "Bí Àkábà Ìdènà?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ ọjà."

Mo gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá lọ́mọdé,
igbá iṣu lórí, lẹ́yìn bàbá àgbà mi.
Mo mọ bí ẹlẹ́rù kì í ṣe é yà fún ẹlẹ́rù.
Bí mo bá ká ọrùn-ọwọ́ kò, ilẹ̀kùn á pa dé díẹ̀.
Bí okùn bá ń lọ tí okùn ń bọ̀ látàárọ̀,
wọ́n á wú, wọ́n á gba àyè oníyè,
ẹni rírọ̀ ni wọ́n á tẹ̀ mọ́ ògiri.
Òun ló ń ké lóru.

Èmi tí mo rò pé ayé ló ń ṣe mí!
Oṣù méjì ni mi ò fi kí obìnrin ìsọ̀ kejì.

Wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, kí n má baà ká a lójú oorun.
Wọ́n ní kí n sinmi.
Sinmi kẹ̀? Owó ìdánwò Àwẹ̀ró ń dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Lánàá ó jókòó sáàárín orúnkún mi.
Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú un fún mi, kò sọ̀rọ̀.
Mo wá na ọmọńdinrín,
èyí tí kò bá wọn gba ìdènà,
tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́bàá ìlú,
tí mi ò fi ṣe iṣẹ́ kankan rí.
Mo fi wá ojú ìlà láti iwájú orí dé ìpàkọ́.
Awọ orí ọmọ mi gbóná.
Ìlà náà wọ́ díẹ̀.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.