Ó Dàárọ̀, Aago Mẹ́jọ Òwúrọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo pàdánù lọ́dún náà,
orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lẹ́nu:
òórùn, oòrùn, oorun.

Òórùn ló kọ́kọ́ lọ.
Mo ń se ẹja gbígbẹ lọ́jọ́ Sátidé,
Oyèdìran sáré wọ kíṣìnnì, ó ní, "Ìkòkò ń jó!"
Èmi tí mo dúró tì í, mi ò gbọ́ nǹkan kan.
Lọ́jọ́ Ajé wọ́n ki òwú bọ̀ mí nímú,
wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n ti ilẹ̀kùn.
Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nínú yàrá ìsàlẹ̀,
oúnjẹ lórí àtẹ̀gùn,
ikọ́ bí ẹni ń la igi tútù.

Oòrùn, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Wínípẹ̀gì ni, oṣù Kejìlá.
Mo ń lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn; mo ń bọ̀, òkùnkùn;
yìnyín kun fèrèsé bọ́ọ̀sì bí ẹfun.

Nígbà tó yá wọ́n ní ara mi ti dá.
Ìwé dé: kò sí kòkòrò mọ́, padà sẹ́nu iṣẹ́.
Mo padà. Àjà kẹrin, iṣẹ́ alẹ́,
bàtà funfun kan náà, káàdì kan náà lọ́rùn.
Òórùn padà: oògùn ìfọlẹ̀ ló ṣíwájú,
kọfí tẹ̀lé e,
orí ọmọ mi ló kẹ́yìn.
Oòrùn náà padà nínú oṣù Kẹta,
ó ń yọ́ yìnyín lórí òrùlé, tó, tó, tó.

Oorun nìkan ni kò tíì mọ̀nà ilé.

Mo ti fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé.
Mo ti mu mílíìkì gbígbóná,
mo ti ka Sáàmù kan dópin, mo tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Mo dùbúlẹ̀ láàárọ̀,
ojú mi là kedere bí ojú ẹja inú fíríìjì.
Bí mo bá tilẹ̀ tòògbé, ẹ̀rọ amúlé-gbóná á mí,
ara mi á gbọ̀n: ta ló ń mí bẹ́ẹ̀? Yàrá wo ni?
Mo á ti dìde máa wá ìbọ̀wọ́ kí n tó rántí
pé orí ibùsùn ara mi ni mo wà.

Dókítà bi mí pé, láti òdo dé mẹ́wàá,
báwo lo ṣe ń sùn sí?
Nílé wa, a kì í fi nọ́ńbà wọn oorun,
"Ṣé ẹ jí ire?" la máa ń bi ara wa.
Ẹni tí kò sùn, báwo ni yóò ṣe jí?
Mo kọ mẹ́ta. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ mẹ́rin, nítorí ojú ń tì mí.

Marisel, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, jẹ́wọ́ fún mi nídìí tábìlì oúnjẹ
pé láti ìgbà tí ara òun ti yá,
inú ọkọ̀ nìkan lòun ti ń rí oorun sùn,
níbi ìgbọ́kọ̀sí, láì pa ẹ́ńjìnnì.
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.
Mo kọ́ ọ ní "Ẹ kú àìsùn";
bó ṣe ń kí mi nìyẹn lálaalẹ́ báyìí,
ohùn rẹ̀ ń gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀.

Àná, yàrá kejìlá. Baba Kowalchuk,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tí òun náà kì í sùn,
ní kí n jókòó díẹ̀.
Ó ń ròyìn oko àlìkámà bàbá rẹ̀,
àti ẹṣin kan tó máa ń dá mọ̀nà ilé nínú ìjì yìnyín.
Mo gbọ́ ọ dé ibi ẹṣin.

Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí agogo ìpè,
kò tẹ̀ ẹ́. Ó ti fa etí kúbùsù rẹ̀ bo eékún mi.
"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ń ṣọ́ ọ."

Lónìí, Oyèdìran ń mú ọmọ lọ síléèwé,
ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà:
"Ó dàárọ̀ o."
"Ó dàárọ̀," mo ní.
Ọ̀rá ojú fèrèsé ti ya níbì kan,
oòrùn tín-ín-rín kan sùn gbọọrọ sórí ìrọ̀rí.
Mi ò dìde lọ dí i.
Mo ń wá ẹṣin náà.