Kásẹ́ẹ̀tì Ráífù

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti wo fíìmù yẹn.
Mo mọ ibi tí obìnrin náà yóò ti kọsẹ̀,
mo mọ ajá tí yóò gbó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn,
mo mọ ìlà funfun tó máa ń sá kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n
bí ẹni tí ìrun Jímọ́ọ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Síbẹ̀, bó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn,
mo máa ń sọ fún un pé, "Má ṣí i."
Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣí i.

Ibẹ̀ gan-an ni Ráífù gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lé e lórí.
Àṣekágbá kan ni, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ṣèèṣì wà.
Ẹ̀gbọ́n mi wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kiri Òkè-Àpòmù,
kò rí, ló bá ti tèmi bọ ẹnu ẹ̀rọ.
Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí
tí ẹnikẹ́ni kì í wọlé
bí kò ṣe ọkùnrin méjìlélógún
àti rẹfirí tó fi fèrè há ẹnu.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá a sọ̀rọ̀.
Mo ń pọnmi kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára ògiri.
Ìyá àgbà, Àmúdálátù, ló pe àwa méjèèjì sórí ẹní.
Ohun tí obìnrin yìí mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù kò ju pé
bí wọ́n bá fi góòlù kan hàn lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́ta ni.
Kò sẹ́ni tó lè yọ méjì kúrò níbẹ̀.
Òun ló parí fíìmù fún mi.
Ó ní obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó rí ọkọ rẹ̀,
ó gba bùtà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bomi sí i,
ni wọ́n bá jókòó.
"Ó tán?"
"Kí lo tún ń fẹ́? Wọ́n ti jókòó."

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí fíìmù ọ̀hún lódindi lórí fóònù,
nínú yàrá mi ní Táńkẹ̀, òjò ń lu páànù.
Kì í ṣe ọkọ ló ń kanlẹ̀kùn.
Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́.
Mo pa fóònù. Mo wọ́ kásẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ,
mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti jókòó.

Jẹ́ddà ni Ráífù wà báyìí, ó ń wa táńkà omi.
Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ìlú wa bá ń gbá nílé,
èmi tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kórìíra bọ́ọ̀lù
ni mo ń lọ jókòó sórí kọnkéré gbígbóná
ní pápá ìṣeré, lójú ọ̀nà Táíwò,
pẹ̀lú ẹ̀pà náírà igba, fóònù lókè.
Ariwo ń dé etí rẹ̀ kí n tó la ẹnu.
"A ti jẹ?"
"Àwọn ni wọ́n jẹ."
A ó dákẹ́ díẹ̀, owó ìpè ń jó.
Fíìmù, mo mọ òpin rẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni tí ò mọ̀.
Bọ́ọ̀lù, mi ò mọ òpin rẹ̀;
àmọ́ ká má purọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tiwa yìí,
mo mọ̀ ọ́n.

Kásẹ́ẹ̀tì náà tán kí àṣekágbá tó tán.
Pẹnáritì ìkẹyìn: ọmọkùnrin kan gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀,
ó fà sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ sókè,
gbogbo rẹ̀ bá funfun báláú.
Ráífù mọ ibi tó gbá a sí.
Ó tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀ àná.
Mo ní kó fi mí sílẹ̀.
Ọmọ náà ṣì ń fa ìbọ̀sẹ̀.