Kọ́mà Tó Ru Òkúta

Adérito, tí ń tún fíríìjì ṣe lẹ́bàá ọjà Wàndó,
a máa wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
epo ẹ̀rọ lábẹ́ èékánná, ìwé lábẹ́ abíyá.
São Tomé ni wọ́n bí i sí. Potogí ló fi ń lálàá.
Yorùbá tó gbọ́, Àgbádárìgì ló ti kó o;
èyí tó kù, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́.
Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́. Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́, ó ní.
Mi ò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, tí fèrèsé rẹ̀ ti ń bọ́ kúrò lára ògiri,
ni a gbé bẹ́ǹṣì sí: ẹfun, pátákó,
àti àwọn ọmọdé Àjàṣẹ́ tí ń yọjú wò wá
bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń kàwé.

"Màdáámù, porém wa yẹn, however náà ni, àbí?
Nílé wa, kọ́mà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti kọjá."
Rárá o, mo ní. Ṣé o mọ afárá tó gba orí ọ̀sà?
But nìyẹn. O ò ní sọ̀ kalẹ̀,
ọ̀kadà rẹ á kàn sáré kọjá ni.
Ṣùgbọ́n however, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì.
O gbọ́dọ̀ dé èbúté, kí o dúró pátápátá:
fi àmì ìdánudúró síbẹ̀,
tàbí kọ́mà tó ru òkúta wẹ́wẹ́ lórí.
Gbé ẹsẹ̀ wọnú ọkọ̀. Tún mí díẹ̀; kọ́mà kejì nìyẹn.
Ẹni tó fò wọlé láìdúró,
ẹja ni yóò bá a wá bàtà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́. Ó ṣì í.
Ó tún un kọ.

Ọjọ́ tí mo kọ therefore sójú pátákó,
"Portanto!" ó ké, bí ẹni rí ará ilé rẹ̀ lọ́jà.
Òun ni, mo ní, àmọ́ ṣọ́ra fún un.
Ọ̀rọ̀ yìí a máa jókòó bí adájọ́:
ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti di ìdí,
ohun tó tẹ̀lé e ti di àre.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló mú lẹ́tà náà wá.
Zulmira ló kọ ọ́ sí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àgbádárìgì,
ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò gbọ́ Potogí kankan.
Gbólóhùn kẹta kà báyìí:
Mi ò lówó lọ́wọ́; therefore, mo lọ.

Mo wò ó. Kọ́mà ru òkúta rẹ̀. Ìkejì jókòó síbi tó yẹ ẹ́.
Gírámà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Mo ní, "Ó tọ́."
Ó ní, "Ó tọ́?"
Mo ní, "Bí a ṣe kọ ọ́ ló tọ́."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó mú bírò, ó fa ìlà.
"Contudo," ó ní. "Kí ni wọ́n ń pè é?"
Nevertheless. Ó gùn. Ó ń ka lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka owó olówó.

Mo lówó díẹ̀ lọ́wọ́; nevertheless mo lọ.

Ó gbàgbé kọ́mà kejì.
Mo rí i. Yínkì pupa wà lọ́wọ́ mi.
Èmi náà, ẹnìkan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́
tí mo jẹ ní irú gbólóhùn yẹn,
láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, n kò tíì dé èbúté.
Mo dé yínkì mi.
"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀," mo ní.
"Ọmọ náà á mí níbi tó bá wù ú."