Ìlà Igba Lé Méjìlá

Ní Tartu, odò Emajõgi ti dì, ó le koko,
òjò dídì bo etí fèrèsé,
tíì Maarika ti tutù nínú ife.
Fáìlì kan ló fẹ́ sọ lórúkọ tuntun,
èyí tí Urmas dá sílẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn,
tó pè ní vana2:
ògbólógbòó kejì,
bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n bí i.
(Urmas kì í da ara rẹ̀ láàmú lórí orúkọ.
Ajá tó ń sìn, Ajá ló ń pè é.)

Maarika gbé e kúrò nínú àpò àtijọ́,
ó kó o lọ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀,
ó pè é ní kuuarve, ìwé owó iná oṣooṣù.
Ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró síbẹ̀:
ó gé ìlà tó gùn, ó tún èyí tó wọ́ ṣe,
ó fọ ilé, ó kùn ún lọ́dà,
ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní ó parí.

Àpótí ìtàn iṣẹ́ wò ó títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀:
Ẹnì kan kú. Ẹnì kan dé.
Wọn ò bára tan.

Ó wá Urmas lọ sẹ́yìn, kò rí i.
Gbogbo ìlà ń jẹ́ Maarika,
àní èyí tí ọkùnrin náà fi òru mẹ́ta wá.
Urmas fúnra rẹ̀ ti wà ní itẹ́ Raadi láti ìgbà ìrúwé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àpótí yìí ò bèèrè orúkọ, kò bèèrè ilé.
Bí ẹnì kan bá sọnù níhìn-ín,
tí ẹlòmíràn yọjú lọ́hùn-ún,
á gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á ka ìlà wọn;
bí ìdajì bá bára mu, á ní: òun náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.
Bí kò bá tó ìdajì, àjèjì ni.

Maarika rántí ìyá ìyá rẹ̀, Leida.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá kó gbogbo ilé lọ sọ́fíìsì;
wọ́n wọlé ní Rosenfeldt, wọ́n jáde ní Roosimägi,
wọ́n sì padà sí ẹnu ọ̀nà kan náà.
Ẹni tó ń ta wàrà pe orúkọ tuntun náà lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín,
ó bu iye tó máa ń bù fún wọn.
Ṣùgbọ́n Harri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sweden.
Lọ́dún kan ṣoṣo, ó pààrọ̀ orúkọ, èdè àti irùngbọ̀n.
Lẹ́tà tí Leida kọ sí i padà wá
pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa lójú:
a ò mọ ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.
Ó gbé fáìlì náà lẹ́ẹ̀kejì, kò fọwọ́ kan àmì kan nínú rẹ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Mo kàn gbé e ni. Ó fọwọ́ sí i.
Àpótí ní: ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì ló tó mú abẹ, díẹ̀díẹ̀,
títí ó fi kan ìlà igba lé méjìlá,
níbi tí Urmas ti ń sọ̀rọ̀, lórúkọ ara rẹ̀:
Má fọwọ́ kan èyí. Mo mọ̀ pé kò dára. Oṣù Kejì ló fà á.

Maarika wo kàlẹ́ńdà lára ògiri.
Oṣù Kejì ni.
Ó lọ se tíì mìíràn.