Kí O Tó Fọ Ọwọ́

Afẹ́fẹ́ ń gbá fèrèsé létí ní Punta Arenas.
Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí,
kọfí rẹ ti tutù, o ò tíì kọ nǹkan kan.
Jókòó, Yasna. Fáìlì kì í gé ni jẹ.

Mo rí ọ tí o ń kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́.
Èmi náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ rí,
lọ́dún tí Rosamel, tó ń rẹ́ irun àgùntàn jẹun,
ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.
Mo fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora
ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo ní bí mo bá dé ìdí tábìlì, n óò kọ ọ́ sínú ìwé.
Agogo dún ní yàrá kẹta. Èébì ni.
Mo nu ilẹ̀, mo fọ ọwọ́.
Ọṣẹ ò mọ nọ́ńbà yàtọ̀ sí ìdọ̀tí.
Nélida dé, ó yẹ ìwé wò, ó bá òfìfo níbẹ̀,
Rosamel sì ń kérora.
Ó fún un ní abẹ́rẹ́ kejì.

Ṣé o mọ bí èémí ṣe ń jó rẹ̀yìn?
Mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Mẹ́jọ.
Mẹ́fà.
A pe dókítà, a gbọ̀n ọ́n, a ń pe orúkọ rẹ̀
bí ẹni ń pe ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ.
Ó jí. Ó bèèrè pé àgùntàn mélòó ló kù.
Nélida ò bá mi wí. Ó ki kálámù bọ̀ mí lọ́wọ́,
ó ní, "Ohun tí o kò kọ, o kò ṣe é."

Nítorí náà, kọ.
Kọ aago kí o tó kọ ọ̀rọ̀.
Má kọ ọ́ kí o tó ṣe é: oògùn tó ṣì wà nínú ife
kò tíì dé ọ̀fun ẹnikẹ́ni.
Má kọ pé "ó sùn dáadáa" bí o kò bá wọlé lọ wò ó.
Má sì kọ pé Màmá Ivelisse "ń yọni lẹ́nu".
Kọ pé ó tẹ agogo lẹ́ẹ̀mẹsàn-án,
pé ó ní, "Àyà ń fún mi pinpin,"
pé o pe Dókítà Mardones,
kọ ìgbà tó gbé fóònù, kọ ohun tó wí.
Ojú ni kó kọ̀wé, kì í ṣe inú.

Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e,
kí àṣìṣe ṣì ṣeé kà lábẹ́ rẹ̀, kí o fọwọ́ sí i.
Ẹni tó fi ọ̀dà funfun bò ó
ti ránṣẹ́ pe adájọ́ wá sílé.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ṣì ń gbàgbé.
Lánàá yìí, mo ti dé ibùdókọ̀
kí n tó rántí ìtọ̀ Don Eleuterio, òjìlérúgba milílítà.
Mo di okùn tí wọ́n ta sí etí títì mú,
afẹ́fẹ́ ń fà mí láṣọ bí ajá,
mo padà wá, nítorí ìtọ̀!
Mo kọ ọ́. Mo sì kọ pé mo pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Ilẹ̀ ń mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ láago mẹ́jọ
kò bá wa ṣọ́ òru yìí;
ojú ìwé nìkan ni yóò fi rí i.
Gba kálámù mi. Ó ń jò díẹ̀.
Ka àtẹ́lẹwọ́ rẹ sínú fáìlì ná,
kí o tó lọ fọ ọwọ́.