Kò Sí Lójú Ìwé

Tírúpúrù, létí odò Nọ́yàlì. Aago méjìlá òru.
Ẹ̀rọ ò sùn; aṣọ pupa ń yọ lẹ́nu rẹ̀
bí ahọ́n ajá lọ́sàn-án gangan.
Èmi ni mò ń ṣírò owó ilé aláró yìí.

Owó aró wà lójú ìwé.
Owó iyọ̀ wà níbẹ̀, owó igi ìdáná, owó ọ̀yà.
Omi tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde,
tó wọ kòtò, tó wọ odò,
ìwé ò mọ orúkọ rẹ̀:
"Ìnáwó mìíràn" là ń pè é,
bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ àlè ní "ọmọ yẹn".

Mo lọ bá Kárúpáyà nídìí ìkòkò aró.
"Bàbá, ọgọ́rùn-ún kílò la rà.
Mélòó ló dì mọ́ aṣọ?"
Ó fi èékánná aláwọ̀ àlùkò họ orí.
"Bí àádọ́rin, ọmọ mi."
Ọgbọ̀n tó kù ńkọ́?
Ó kàn fi ẹnu júwe fèrèsé.

Mo gbé ọgbọ̀n yẹn wálé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.
Owó la fi rà á.
Owó ọkọ̀ la fi gbé e láti èbúté,
iná la fi sè é, apá ọmọ ọlọ́mọ la fi rò ó,
ìjọba tún gba owó ìtanràn lórí rẹ̀.
Ẹran tá ò jẹ: a sanwó ẹran, a sanwó ata,
a tún háyà ẹni tó máa lọ dà á nù.

Ọ̀gá Nátésáànù rẹ́rìn-ín.
"Púńgódì, odò kì í kọ ìwé gbèsè ránṣẹ́ síni."
Mo ní, Ọ̀gá, ẹni tó da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù;
ẹ̀yìn la da tiwa sí,
ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́.
Kò kà á sí.
Mo yí ìwé kọjú sí i. Ó rí iye tó wà nísàlẹ̀.
Ẹ̀rín dá.

Lóṣù kẹta, ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ padà nínú omi dé.
Kì í ṣe nítorí odò.
Nítorí iyọ̀ ni.
N ò bínú: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ìlà kan kù tí mo fà lábẹ́ gbogbo rẹ̀.
Bàbá mi ń gbin àgbọn ní ìsàlẹ̀ odò.
Lọ́dún tó kọjá mo bẹ́ ọ̀kan, mo gbé e sẹ́nu,
iyọ̀.
Bàbá ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan.
Mo kọ "àgbọn" sápá òsì.
Apá ọ̀tún, níbi tí owó ń wà,
gègé ṣì wà lọ́wọ́ mi.