Ta Ni Kí N Gbẹ́ Sókè?

Ìgbìmọ̀ ìlú Vesmarin ránṣẹ́ pè mí nígbà òtútù,
wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni Orvek, agbẹ́kùúta,
mú ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan,
gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ẹnubodè.
Ẹni tó tóbi jù, sókè.
Ẹni tó kéré jù, nísàlẹ̀."
Wọ́n san ìdajì owó, wọ́n ní kí n má ṣojúsàájú.
Mo gbà á. Ọmọ mi ò ní bàtà.

Àwọn òmìrán ló kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ń mì tìtì.
Wọ́n ní Hroldgar ni, Hroldgar tó fa òkè Sulva tu
tó fi ṣe àpótí ìjókòó.
Mo ní ó dáa. Ta ló ti jókòó lé e rí?
Wọ́n wojú ara wọn.
Ìyá arúgbó kan wá húkọ́ lẹ́yìn:
"Ummot ńkọ́, tó dúró sínú odò Kesh lóru mẹ́ta,
tí ọmọ ọlọ́mọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ sá fógun,
tí yìnyín jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún?"
Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Mo kọ Ummot sílẹ̀.

Àwọn aràrá mú ìwé wá, wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá,
wọ́n mú òṣùwọ̀n wá, kí n fi wọn wúrà Brannik ọba wọn.
Wúrà kún ihò méjìlélógún lóòótọ́.
Omi ta wá ni Brannik ń mu?
Omi Teska ni, Teska Eékánná-Dúdú,
tó walẹ̀ fógójì ọdún tí kò rí wúrà bíńtín,
omi ló ń rí, omi ṣáá,
tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀dá fi dá.

Àwọn abìyẹ́ ò jẹ́ kí n la ẹnu:
"Ilvaeni! Ilvaeni tó fò kọjá òṣùpá!"
Ta ló rí i?
"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ."
Ossiri ni mo mú, tí ìyẹ́ rẹ̀ kan ṣẹ́ lọ́mọdé,
tó fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ Tam já,
tó gbé oògùn lọ fún ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ìtìjú ńlá! Abìyẹ́ tó ń rìn nílẹ̀!
Wọ́n fìbínú fò lọ,
ìyẹ́ méjì já bọ́ sínú ọbẹ̀ mi.

Àwa ènìyàn ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Ọ̀ọ́dúnrún orúkọ ló wà nínú àpò,
ọ̀pọ̀ nínú wọn, olórúkọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.
Orúkọ bàbá mi náà wà níbẹ̀. N ò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.
Irọ́ ni. Èmi ni.
Kò ṣe nǹkan kan rí, bí kò ṣe pé
bí ìjì bá ti ń jà lóru,
á jáde lọ ti fèrèsé àwọn opó àdúgbò.
Mo fi ààyè tiwa sílẹ̀ lófìfo.

Gíga ló wá dìjà.
Òmìrán kì í bẹ̀rẹ̀ kàwé,
ibi ojú wọn ni mo gbẹ́ Ummot sí, lórí àkàbà tó ń gbọ̀n.
Aràrá ò lè na ọrùn,
mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́ Teska síbi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè fọwọ́ kàn.
Òkè làwọn abìyẹ́ ti ń wolẹ̀,
nítorí náà góńgó orí ògiri ni Ossiri wà,
níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ kankan ò ti lè rí i.
Èyí dùn mí. Ẹlẹ́sẹ̀ lòun náà.

Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀:
"Ṣé Teska ló wá kéré jù?"
Àwọn aràrá gbọ́, wọ́n ti ń ṣa òkò.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ojú òǹkàwé ni mo wọ̀n,
n ò wọn iyì ẹnikẹ́ni.
Wọn ò san ìdajì tó kù.

Lálẹ́, mo mú fìtílà padà lọ kó irinṣẹ́ mi.
Ọmọbìnrin aràrá kan wà níbẹ̀,
ìka rẹ̀ nínú orúkọ Teska,
ó ń tọ̀ ọ́ bí ẹni ń tọ ipa odò.
Ó ní, "Ta ló wà lókè lọ́hùn-ún?"
Mo gbé e lé èjìká. Kò tó o.
Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
mo lọ wá àkàbà.